Ohun Tí Gèlè Mọ̀ Nípa Ìpéǹpéjú

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún, yìnyín ń já sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní Jane àti Finch ní Toronto. Mo dúró sẹ́yìn ìyá kan tí a jọ ń jọ́sìn, mo ń bá wọn wé gèlè. Òde ìgbéyàwó là ń lọ ní Etobicoke. Gèlè aṣọ òkè ni, ó le, ó sì ń dún lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ṣẹ́ ẹ. Mo fi etí rẹ̀ lé iwájú orí wọn, mo fà á sẹ́yìn dáadáa, mo ta á ní kókó, mo ní kí wọ́n wo dígí.

Wọn kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n wo dígí, wọ́n gbójú sókè wo iná tó wà ní àjà, wọ́n tún wo dígí. "Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Ojú mi là."

Ojú wọn là lóòótọ́. Awọ tó máa ń sọ̀ bo irun ìpéǹpéjú wọn bíi kọ́tìnì tí òkè rẹ̀ já ti bá iwájú orí gòkè. Nígbà tí a padà délé ní nǹkan bí aago kan òru, èmi náà ni mo tú gèlè ọ̀hún. Mo rí bí irun òkè ojú wọn méjèèjì ṣe rọra ń sọ̀ kalẹ̀, tí awọ náà sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì gbé e sókè, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó tún ṣubú.

"Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà kan ní Yorkville," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n gé e kúrò."

Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n sì ń ṣe. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wọn kì í yé ní kí wọ́n lọ sinmi. Pásítọ̀ ti fìgbà kan bi wọ́n léèrè bóyá ìwàásù òun ló ń kùn wọ́n lóorun. Ọmọ wọn obìnrin máa ń pè wọ́n lórí fóònù alááwòrán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mọ́mì, ṣé ara yín yá?" Ohun tó ń dùn wọ́n jù nìyẹn. Ara wọn yá. Ojú wọn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà bẹ́ẹ̀, a sì mọ ohun tí Yorùbá ń wí: ojú lọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní blepharoplasty. Dókítà ará Jámánì kan, Karl Ferdinand von Graefe, ló fún un lórúkọ yẹn ní ọdún 1818, nígbà tó ń tún ìpéǹpéjú tí àìsàn ti bà jẹ́ ṣe. Ní Toronto lónìí, àwọn àgbàlagbà ń lọ gé awọ òkè ojú tó ti pọ̀ jù, àwọn mìíràn ń lọ yọ àpò tó wú sábẹ́ ojú wọn, àwọn ọ̀dọ́ tí ìdílé wọn wá láti Kòríà àti Ṣáínà sì ń lọ kí wọ́n fa ìlà sí òkè ìpéǹpéjú tí kò ní ìlà. Ti ìkẹyìn yìí kì í ṣe àṣà tuntun. Dókítà ará Japan kan tó ń jẹ́ Mikamo ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1896.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà ti wà lára wọn báyìí. A kì í sọ ọ́ síta ni. Ẹni tó bá ṣe é á wọ dígí dúdú wá sí ìsìn ní ọ̀sẹ̀ méjì, á ní ojú ló ń ta òun.

Kí ló sọ̀ gan-an?

Mo mú ọ̀rọ̀ gèlè yẹn lọ bá dókítà ojú kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn kó tó wá sí Toronto. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì gbọ́ ọ dópin. "Gèlè yẹn ti bá mi ṣe ìdajì àyẹ̀wò," ló wí.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé, ni gbogbo wa ń fi ẹnu kan pè ní ìpéǹpéjú tó ń sọ̀. Ó lè jẹ́ pé awọ ló pọ̀ jù: àgbà dé, awọ rọ̀, ó sì ṣẹ́ lé ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ iṣan kékeré tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ló ti na tàbí tó ti tú níbi tó lẹ̀ mọ́. Níbẹ̀, etí ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀ ló ń bo ẹyinjú, bí wọ́n sì gé gbogbo awọ òkè rẹ̀ dànù, kò ní gbéra. Ó sì lè jẹ́ iwájú orí ló wálẹ̀, tí irun òkè ojú sì tẹ̀ lé e, tí àwọn méjèèjì wá ti awọ jọ sórí ìpéǹpéjú. Iṣẹ́ abẹ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Nígbà mìíràn, méjì máa ń wà lójú ẹnì kan ṣoṣo, nígbà mìíràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí gèlè bá fa iwájú orí sókè tí ojú sì là gbayawu, ó yẹ ká fura pé ọwọ́ iwájú orí wà nínú ọ̀ràn náà.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì nìyí. Ẹni tí awọ ń dí lójú máa ń fi iwájú orí gbé e láti àárọ̀ dalẹ́ láìmọ̀. Ẹ wo àwọn ìyá wa dáadáa: ìlà iwájú orí wọn jinlẹ̀, orí sì máa ń fọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé awọ kúrò, iwájú orí á rò pé iṣẹ́ parí, á sinmi, irun òkè ojú á sì sọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Olójú á tún padà wá, á ní awọ ṣì pọ̀. Bí dókítà tí kò fara balẹ̀ bá tún gé e, awọ tó yẹ kó wà láàárín irun òkè ojú àti irun ìpéǹpéjú kò ní tó mọ́, ojú kò sì ní lè pa dé.

Mìlímítà 20 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń fi ṣe òdiwọ̀n: ó kéré tán, ohun tó yẹ kó ṣẹ́ kù nìyẹn. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ohun tí wọ́n máa gé ni wọ́n ń wọ̀n. Dókítà náà ní ohun tí òun máa fi sílẹ̀ lòun kọ́kọ́ ń wọ̀n, torí awọ tó bá ṣẹ́ kù ṣì ṣeé gé lọ́jọ́ mìíràn, èyí tí wọ́n ti gé jù kò ní awọ tó dà bíi rẹ̀ lára tí wọ́n á fi dí i.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ pa ojú dé, ẹ jẹ́ kí iwájú orí rọ̀. Ẹ fi ìka tẹ irun òkè ojú mọ́lẹ̀ kó má lè gbéra, kí ẹ wá la ojú. Ohun tí ẹ bá rí nígbà náà lojú yín gan-an. Ẹ má fi ṣe ìdájọ́, ẹ kàn jẹ́ kó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá jókòó síwájú dókítà.

Àìsàn tó sá pamọ́ sábẹ́ ẹwà

Àwọn ìgbà kan wà tí ìpéǹpéjú tó sọ̀ jẹ́ àmì ohun mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ló ṣàdédé sọ̀, tí orí ń fọ́ni tàbí tí èèyàn ń rí ohun kan ní méjì, ọ̀dọ̀ pàjáwìrì ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí ojú bá dára láàárọ̀ tó sì ń sọ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó lè jẹ́ àìsàn iṣan tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis. Bí ojú bá ń wú jáde tàbí bí ẹni náà bá ní gègè, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ojú tí àìsàn gègè bá ń yí padà, àwọn dókítà kì í fi abẹ kàn án fún ẹwà àfi tó bá ti dúró sójú kan fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà.

Ojú gbígbẹ ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ má fojú di rárá. Ìpéǹpéjú ló ń tan omi kárí ẹyinjú nígbà tí a bá ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa dé fún ìgbà díẹ̀, ojú tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ á sì wá di ojú tó ń ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n máa ń fi há inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi rúlà wọn ibi tí omije gùn ún dé. Tí kò bá tó mìlímítà 10, wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀. Nínú òtútù Toronto, tí hítà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ nínú ilé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, pépà kékeré yẹn níye lórí ju àwòrán ẹwà èyíkéyìí tí wọ́n lè fi hàn yín.

Àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma náà ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí ìran wa wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ló sì ní in láìmọ̀. Àwọn egbòogi ojú kan tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lè mú kí òkè ojú jìn wọnú, egbòogi sitẹ́rọ́ìdì tí wọ́n sì máa ń fúnni lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọ̀. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú LASIK láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn náà, kó wí.

Awọ tiwa

Gbogbo aláwọ̀ dúdú tí mo bá sọ̀rọ̀ ló bi mí ní ìbéèrè kan náà: àpá ńkọ́? A ti rí etí tí wọ́n lu tó wú bí ẹ̀pà, a ti rí àyà tí abẹ́rẹ́ kàn tó di kókó. Ìdáhùn tó wà nílẹ̀ tuni lára. Awọ ìpéǹpéjú ló fẹ́lẹ́ jù ní gbogbo ara, keloid kì í sì í sábà hù níbẹ̀, kódà lára ẹni tó ní in níbòmíràn. Ó ṣì yẹ kí ẹ fi gbogbo àpá ara yín han dókítà. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ojú ibẹ̀ á dúdú sí i fún oṣù mélòó kan, pàápàá bí oòrùn bá ń pa á.

Ohun tí a ń fi pa ojú ló ń bà mí lẹ́rù ju abẹ lọ. Ìpara tó ń bóra máa ń ní sitẹ́rọ́ìdì nínú, ó sì ń jẹ awọ tó ti fẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀. Tìróò náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 2011, ní Boston, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń fi sí i lójú wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Mo mọ bí tìróò ti ṣe iyebíye tó fún wa, ìyá mi ló kọ́kọ́ lé e fún mi. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ẹ má fi í kàn án.

Ẹ sì sọ òtítọ́ nípa àgbo. Dókítà á bèèrè oògùn tí ẹ ń lò, ẹ̀yin á dárúkọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, ẹ ó gbàgbé ìgò tó wà lẹ́yìn fíríìjì. Aspirin, ibuprofen, Fítámì E, òróró ẹja, ginkgo, aáyù oníhóró, gbogbo wọn ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, ọ̀pọ̀ àgbo wa kò sì sí ẹni tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ á ní kí ẹ dá wọn dúró ṣáájú. Èyí tí dókítà ọkàn bá kọ fún yín ni kí ẹ má dá dúró fúnra yín. Kí àwọn dókítà méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru tí kò tíì sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.

Ta ló mú abẹ lọ́wọ́?

Nílé láyé àtijọ́, kí wọ́n tó pe olóólà wá kọ ilà fún ọmọ, wọ́n á ti mọ ìdílé tó ti wá. Iṣẹ́ àjogúnbá ni. Ẹni tí a kò bá mọ bàbá tó kọ́ ọ, a kì í na ojú ọmọ sí i. Ìbéèrè yẹn náà ló yẹ kí èèyàn mú dání lọ sí Yorkville.

Toronto ti fi ẹ̀mí kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, obìnrin ẹni ọdún 32 kan lọ fa ọ̀rá ara jáde ní ilé ìwòsàn iṣẹ́ ẹwà kan nílùú náà, ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ìdílé ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ abẹ. Àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ní Ontario, College of Physicians and Surgeons of Ontario tí wọ́n ń pè ní CPSO, dá dókítà náà lẹ́bi lẹ́yìn náà. Ariwo tó sọ lé e lórí ló yí òfin padà. Dókítà tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ abẹ kò lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ abẹ ní Ontario mọ́. Láti ọdún 2010 ni CPSO sì ti ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níta ọsibítù ìjọba wò, wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn: èyí tó yege, èyí tó yege lábẹ́ àdéhùn, èyí tó kùnà.

Ìwé orúkọ gbogbo dókítà Ontario wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CPSO, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó fẹ́ gé ojú yín síbẹ̀. Ẹ ó rí ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀ka tó ti gba ìwé ẹ̀rí, àti bóyá wọ́n ti bá a wí rí. Bí lẹ́tà FRCSC bá tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, Royal College of Physicians and Surgeons of Canada ló fún un ní ẹ̀rí. Oníṣẹ́ abẹ ara lè ṣe ìpéǹpéjú. Dókítà ojú tó tún lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú lọ́tọ̀ náà lè ṣe é, òun ni èmi sì máa yàn bí ojú mi bá ń gbẹ tàbí bí iṣan ojú mi bá ti tú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè. Ìpéǹpéjú mélòó lẹ máa ń ṣe lóṣù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹ ti ṣe fún hàn mí. Ta ló máa fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní aago méjì òru, nọ́ńbà ta ni mo máa pè? Bí ojú kan bá ga ju èkejì lọ, owó ta la máa fi tún un ṣe? Dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún mi pé ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ san owó lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pàdé, nítorí pé ẹ̀dínwó á parí lálẹ́, kí ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Òfin ìpolówó àwọn dókítà ní Ontario kò tilẹ̀ fàyè gba kí wọ́n máa fi ẹ̀rí ẹnu àwọn tí wọ́n tọ́jú polówó ara wọn. Nítorí náà, ojú ìwé Instagram tó kún fún "ẹ wo ohun tí dókítà mi ṣe fún mi", ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sì sá fún ilé ìṣaralóge tó bá ní òun lè gbé ìpéǹpéjú sókè láìlo abẹ, tó mú ohun èlò iná kan tó rí bíi bírò dání. Plasma pen lorúkọ rẹ̀, Health Canada sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Iná ni wọ́n ń fi jó awọ, ní ìtòsí ẹyinjú.

Owó

OHIP, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba Ontario, kì í san owó iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ṣùgbọ́n bí awọ òkè ojú bá ti ń dí ìríran, tí àyẹ̀wò sì fi hàn bẹ́ẹ̀, ó lè san án. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ èyí, wọ́n á sì lọ yáwó fún ohun tó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ dókítà ìdílé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ ìwé rán yín lọ. Ó máa ń pẹ́. Ti abẹ́ ojú kò sí nínú rẹ̀, ẹwà ni wọ́n kà á sí.

Bí ẹ bá máa san án fúnra yín, ẹ bèèrè bóyá owó orí wà nínú iye tí wọ́n dá. Láti ọdún 2010 ni iṣẹ́ abẹ ẹwà ti wà lára ohun tí ìjọba Kánádà ń gba owó orí lé. Owó orí náà, tí wọ́n ń pè ní HST ní Ontario, jẹ́ ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà iṣẹ́ $4,000 á di $4,520. Ẹ kò sì lè kọ ọ́ mọ́ owó ìtọ́jú nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwé owó orí ọdọọdún.

Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò ní Brampton sọ fún mi pé owó tí òun ń jẹ lójúmọ́ ló jẹ́ kí òun lọ ṣe àyẹ̀wò. Lókè ni iná tó ń darí ọkọ̀ máa ń so rọ̀ ní Toronto. Ó ti ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó rí i, ọrùn sì ń dùn ún. Ẹni tó ní ìwé ìwakọ̀ G ní Ontario gbọ́dọ̀ lè rí ìwọ̀n 15 sókè àti 15 sísàlẹ̀ ibi tó tẹjú mọ́, àti 120 láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. "Ẹwà kọ́ ni mo wá," ló wí. "Oúnjẹ àwọn ọmọ mi ni."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ti òkè ojú kì í gbà ju wákàtí kan sí méjì lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn kì í sùn pátápátá. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú ara rọ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ pa ìpéǹpéjú kú. Kó tó dùbúlẹ̀ rárá ni dókítà á ti fi gègé fa ìlà sí i lójú, lórí ìjókòó, torí pé ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ kì í sọ̀ bíi ti ẹni tó jókòó. Wọ́n á gé e gba ibi tí ìpéǹpéjú ti ń ṣẹ́, kí àpá lè sá síbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, wọ́n lè gba inú ìpéǹpéjú wọlé yọ ọ̀rá, kí àpá má hàn síta rárá.

Ojú á wú, á sì dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Yìnyín inú aṣọ, ìrọ̀rí gíga, ìpara tó ń mú kí gbogbo nǹkan rí bàìbàì. Wọ́n sábà máa ń tú òwú láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan wúwo, ẹ má wọ kọ́ńtáàtì, ẹ má sì sọ fún àwọn tí ẹ ń tọ́jú níbi iṣẹ́ pé ẹ ó padà lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àpá a máa gba oṣù púpọ̀ kó tó parẹ́.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dà sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Ìwádìí kan láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 2,000, tí ojú sì fọ́ pátápátá fún nǹkan bí ẹnì kan nínú 22,000. Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ń ro gidigidi, tó ń wú, tó ń le, tó ń tì síta, tí ìríran sì ń lọ, 911 ni kí ẹ pè. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ìgbà yẹn àti ìfọ́jú. Nítorí náà ni ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ sùn tì yín lálẹ́ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tó fẹ́ lọ ṣe é níbòmíràn

Owó ló ń mú kí àwọn kan máa wo Èkó, Turkey tàbí Mẹ́síkò. Èmi kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ wà nílé. Ṣùgbọ́n a kò gbàgbé Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, tó kú ní Sípéènì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀rá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, FCCPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti ilé ìwòsàn iṣẹ́ ẹwà kan pa ní Èkó lẹ́yìn tí ẹnì kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kú. Iṣẹ́ abẹ ọ̀rá kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ti ìpéǹpéjú, ewu rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ohun tó bá èyí mu ni pé ẹni tó gé yín ló yẹ kó tú òwú yín. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó lọ ṣe abẹ́ ojú rẹ̀ lókè òkun sọ fún mi pé nígbà tí òun dé Toronto tí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ òun ń yí síta, dókítà mẹ́ta ló kọ̀ láti fọwọ́ kan iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú bàbá rẹ̀ ni, ó ní, àpò abẹ́ ojú yẹn. Ó wù ú kó tún padà rí i.

Ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀rọ

Màmá tí mo wé gèlè fún sún ọjọ́ Yorkville síwájú. Dókítà tó wà níbẹ̀ ti wo ojú wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì ti dá iye owó, kò fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ dókítà ìdílé, wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ní Finch West, a sì lọ ṣe àyẹ̀wò bí ojú ṣe ń rí òkè, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́.

Yàrá náà ṣókùnkùn. Màmá gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan tó dà bí abọ́ funfun ńlá, wọ́n mú bọ́tìnì dání. Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá tàn níbikíbi nínú abọ́ náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́: kọ́, kọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gígùn, kọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà mú tẹ́ẹ̀pù wá. Ó rọra gbé awọ òkè ojú wọn sókè, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, ó ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mọ́. Màmá dá bọ́tìnì dúró, wọ́n yí ojú sẹ́yìn wò mí pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù méjèèjì níwájú orí.

"Ṣé ìmọ́lẹ̀ òkè yẹn ti wà níbẹ̀ látàárọ̀?"